Ta Ni Ó Jẹ̀bi Ìkún Omi Wa?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ní àgbègbè Kòsọ́fẹ́ ní ọdọọdún, bí oṣù September bá ti wọlé títí October yóò fi parí. Ojú ọ̀run a mọ́, oòrùn a sì máa ràn, síbẹ̀ omi a máa wọ ilé. Wọn a wí pé, "Òjò kò rọ̀ níhìn-ín láti ọjọ́ mẹ́ta, níbo ni omi yìí ti wá?" Ìbéèrè náà kò ṣòro dáhùn fún ẹni tí ó bá mọ ìrìn àjò Odò Ògùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì a máa tẹ̀lé e, òun ni èyí pé, "Ta ni ó fà á?" Lórí èyí ni àwọn ènìyàn máa ń bá ara wọn jà, lórí rẹ̀ náà ni a sì fẹ́ kí a jọ ronú ní oṣù yìí, nítorí pé ìdáhùn tí ènìyàn bá fún un ni yóò sọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ bá gbé ẹní àti ìkòkò lérí, tí ó sì ń bọ̀ wá kan ilẹ̀kùn.

Odò Ògùn kì í ṣe ọmọ Èkó. Ó ṣẹ̀ ní ilẹ̀ òkè ní ìhà Ṣakí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó la ilẹ̀ Òkè Ògùn kọjá. Ó dé Abẹ́òkúta. Ó gba Ìṣẹ́rì. Lẹ́yìn èyí ni ó wá tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní lórí ilẹ̀ ìrà tí ó wà láàárín Ketu àti Ìkòròdú, níbi tí a ti rí Agílítì, Owódé Onírin, Owódé Ẹlẹ́dẹ̀, Ajégúnlẹ̀, àti Àgbóyi tí a ń fi ọkọ̀ ojú omi dé, kí ó tó wọ inú Ọ̀sà. Òjò tí ó rọ̀ sórí oko ará Ìsẹ́yìn lè di omi tí yóò gbé ìkòkò ọbẹ̀ ará Ajégúnlẹ̀ lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀sà pẹ̀lú ní ìwà tirẹ̀: nígbà tí òkun bá ga, ọ̀sà a kún dé ẹnu, odò a sì dúró bí àlejò tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ sóde, kò ní rí ọ̀nà lọ síwájú, a sì máa tàn káàkiri lórí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lórí afárá ní ọ̀nà Ìkòròdú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò rí òrùlé ilé lórí omi bí ìgbà tí ènìyàn dé fìlà, tí a kò sì rí ojú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa dárúkọ ìsédò Ọ̀yán. Ọ̀yán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn odò tí ń ṣàn wọ inú Odò Ògùn. Ìjọba àpapọ̀ sé e ní òkè Abẹ́òkúta, Ààrẹ Shehu Shagari sì ṣí iṣẹ́ náà ní oṣù March ọdún 1983, kí ó lè máa fún Abẹ́òkúta àti Èkó ní omi, kí a sì lè fi omi rẹ̀ rin ẹgbẹ̀rún mẹ́ta hẹ́kítà ilẹ̀ oko. Wọ́n fi ẹ̀rọ iná mànàmáná sí i pẹ̀lú, tí ó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìtan fìtílà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Omi tí ibẹ̀ lè gbà tó 270 mílíọ̀nù kúbíkì mítà. Kò sí ohun tí ó ṣòro láti lóye nínú ọ̀ràn náà. Bí omi bá kún, tí a kò sì tú u díẹ̀díẹ̀, ògiri lè ya, bí ó bá sì ya, kì í ṣe àgbàlá ni omi yóò wọ̀ mọ́, ìlú ni yóò gbé lọ. Nítorí náà a kò lè ṣe kí a má tú u. Ní October ọdún 2010, nígbà tí òjò pọ̀ rékọjá, tí a sì tú omi púpọ̀ sílẹ̀, Ajégúnlẹ̀ àti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká rì sínú omi, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sá jáde kúrò nílé wọn. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ìkìlọ̀ lọ́dọọdún pé kí àwọn tí ń gbé létí odò múra.

Bí ó bá jẹ́ pé bí omi ti rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé nìyí, a kì bá tí fi tádáwà wa ṣòfò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí a bá sọ̀rọ̀ wí pé òjò kò rí bí ó ti máa ń rí mọ́, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ wọn ojú ọjọ́ náà sì gbà pẹ̀lú wọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù July ọdún 2011, òjò tí ó rọ̀ sí Èkó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ju 200 mìlímítà lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù August ọdún náà gan-an, omi ya wọ Ìbàdàn, ó sì pa ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, bí ẹni pé àwọn ará Ìbàdàn kò tíì jìyà tó láti ìgbà Ògùnpa ní 1980. Ní 2012, ìkún omi lé àwọn ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé wọn káàkiri Nàìjíríà. Ní 2022 ó tún dé, ó sì pa ohun tí ó ju ẹgbẹ̀ta ènìyàn lọ.

Ìdí rẹ̀ nìyí, kí a sọ ọ́ ní ṣókí. Láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì ó lé sẹ́yìn ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá ti ń jó èédú inú ilẹ̀, lẹ́yìn náà epo rọ̀bì, lẹ́yìn náà gáàsì. Èéfín wọn kò lọ sí ibìkan. Ó wà lókè orí wa. Kí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí tó dé, nínú mílíọ̀nù kan ẹ̀ka afẹ́fẹ́, 280 ni ó jẹ́ ti irú afẹ́fẹ́ tí ń jáde láti inú iná yìí; nísinsìnyí ó ti kọjá 420. Afẹ́fẹ́ yìí bo ayé bí aṣọ òtútù tí a dà bo ẹni tí òtútù kò mú. Ayé ti gbóná ju bí ó ti rí lọ ní ìgbà àwọn baba ńlá wa ní ohun tí ó ju ìwọ̀n dígírì kan lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò wí pé kí ni dígírì kan jẹ́? Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fi dígírì kan gbóná sí i, omi tí ó lè gbé lọ́wọ́ a máa fi bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, nígbà tí ó bá sì sọ ẹrù náà kalẹ̀, a sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òkun pẹ̀lú ń wú, nítorí pé omi gbígbóná ń fẹ̀, yìnyín àwọn ilẹ̀ òtútù sì ń yọ́ sínú rẹ̀. Láti nǹkan bí 1900 ó ti ga sókè tó ogún sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tí ń gbé orí òkè lè fi ogún sẹ̀ǹtímítà rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ń gbé Àgbóyi kò lè fi í rẹ́rìn-ín.

A fẹ́ sọ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ níṣojú wa, kì í ṣe láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, nítorí pé àwa gan-an wà nínú rẹ̀. Ìyá kan wà tí ń ta ata àti tòmátì ní ọjà Mile 12. Ilé tí ó ń gbé wà ní apá ìsàlẹ̀, yàrá méjì, tí ọkọ rẹ̀ tí ó ti di olóògbé rà ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó wí pé àwọn ni wọ́n ni ín. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n mú ọkọ náà lọ wo ilẹ̀. Ó gbẹ táútáú. Ó sì san owó. Ní ọdún kan, omi dé lóru. Ó kó àwọn ọmọ mẹ́rin jáde, ó fi àpò ìrẹsì àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀. Àwọn bí ìdílé mẹ́tàdínlógún ni wọ́n jọ sùn sẹ́bàá ọ̀nà ní òru náà.

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní orí ilẹ̀ gíga tí kò jìnnà sí ibẹ̀, ó sì ní gbọ̀ngàn. Ìgbìmọ̀ kan ni ó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà, àwa náà sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ yìí. Nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn ènìyàn ń béèrè bóyá wọ́n lè sùn níbẹ̀, a pe ìpàdé. Àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ ti ya gbọ̀ngàn náà sọ́tọ̀ fún ayẹyẹ kan ní ọjọ́ Sátidé, a sì ti kun ògiri rẹ̀. Ẹnìkan dìde ó wí pé, "Ìdánwò Ọlọ́run ni, ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà fún wọn." Ẹlòmíràn wí pé, "Kí ìjọba ṣe é. Àwọn ni wọ́n tú omi sílẹ̀." Ẹnìkẹta, tí ó jẹ́ ọkùnrin olóòótọ́ tí a sì bọ̀wọ̀ fún, wí pé, "Wọ́n mọ̀ pé ojú ọ̀nà omi ni, wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀. Bí a bá gbà wọ́n lónìí, wọn yóò padà wá lọ́dún tí ń bọ̀." A sọ ọ̀rọ̀ náà síwá, a sọ ọ́ sẹ́yìn. A kò rántí pé àwa gan-an sọ ohun kan tí ó dára ju tiwọn lọ. A sún ọ̀rọ̀ náà sí ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kejì di ọjọ́ kẹta. Nígbà tí a ṣí gbọ̀ngàn náà nígbẹ̀yìn, ìdílé mọ́kànlá ni ó wọlé; àwọn yòókù ti túká lọ, a kò sì mọ ibi tí wọ́n lọ. Ọmọ ìyá náà tí ó kéré jù lọ ti ń wúkọ́ nígbà náà. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí kì í ṣe òru tí a lè gbàgbé.

Láti ìgbà náà ni a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a sọ ní ìpàdé náà wò. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu nípa wọn ni pé kò sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ pátápátá, síbẹ̀ gbogbo wọn ni a fi ṣe ilẹ̀kùn tì.

Ẹni tí ó wí pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni kò ṣàìmọ̀ pé òjò kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni òjò, ọ̀tọ̀ ni ìkún omi. Òjò a máa rọ̀ sórí igbó, gbòǹgbò igi a sì dá a dúró, ilẹ̀ a mu ún, odò a sì gba ohun tí ó kù. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gé igi náà. Ní ìhà Òkè Ògùn, níbi tí omi yìí ti ṣẹ̀, a ti gé igi púpọ̀ lulẹ̀ fún èédú, àpò èédú náà sì ń bá ọkọ̀ ńlá wá sí Èkó, a ń rà á, a ń fi í yan ẹja, a ń fi í se ẹ̀wà. Àwọn baba wa ti pa á lówe tipẹ́ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Nínú òwe yìí, wọ́n mọ ohun tí ó jẹ́ ti àgbàrá, wọ́n sì mọ ohun tí ó jẹ́ ti onílé. Ẹni tí ó bá kó èyí tí ó jẹ́ ti onílé lé Ọlọ́run lórí kò bu ọlá fún Ọlọ́run. Ó kàn rí ibi tí yóò da ẹrù sí ni.

Ẹni tí ó wí pé kí ìjọba, tàbí kí àwọn Òyìnbó, wá gbé ẹrù wọn, òtítọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà pa pọ̀, pẹ̀lú bí a ti pọ̀ tó, èéfín tí ó ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde lọ́dún kan kò ju bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ti gbogbo ayé lọ. Ìyá alátà wa kò ní mọ́tò, kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Bí a bá kó gbogbo èéfín tí ó ti ti ọwọ́ rẹ̀ jáde láti ọjọ́ tí a ti bí i jọ, kò tó èyí tí ọlọ́rọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ìkòyí ń tú jáde láàárín ìwọ̀nba àkókò díẹ̀. Ìyàtọ̀ sì wà láàárín èéfín ìkòkò ọbẹ̀ àti èéfín fàájì, gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀ ti wà láàárín ẹni tí ó bu omi nínú kànga láti mu àti ẹni tí ó bù ú láti fi fọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kẹta. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Sharm el-Sheikh ní ilẹ̀ Íjíbítì ní November ọdún 2022, wọ́n gbà pé kí a dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí àdánù yìí ti bá. A yọ̀ fún èyí. Gbèsè ni, kì í ṣe ìtọrẹ àánú, ó sì yẹ kí àwọn aṣojú wa máa béèrè rẹ̀ bí ẹni tí ń béèrè gbèsè.

Àwa náà kò sì mọ́ bí ẹyin. Láti ìgbà tí a ti rí epo ní Olóibírí ní 1956 títí di òní, iná gáàsì ń jó ní ilẹ̀ Níjà Dẹ́lítà, kì í ṣe fún oúnjẹ, kì í ṣe fún ìmọ́lẹ̀, ó kàn ń jó. Nílé wa níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá ṣiyèméjì lọ wo ojú gọ́tà ní ọjà Mile 12 lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, kí ó wo ọ̀rá omi, apẹ̀rẹ̀ jíjẹrà, àti abọ́ funfun tí a fi ń ta oúnjẹ, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dè ní January ọdún 2024. Kì í ṣe Òyìnbó ni ó jù wọ́n síbẹ̀.

Ẹnìkẹta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn wá jù, nítorí pé ó dà bí ọgbọ́n. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mímọ̀ jẹ́ fún ẹni tí kò ní ibòmíràn? Ilẹ̀ gíga ní Èkó, owó rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ní láti dé ọjà Mile 12 kí ọkọ̀ tòmátì tó já ẹrù kí ilẹ̀ tó mọ́ kò lè máa gbé ibi tí ó jìnnà. Nítorí náà, ìrà ni ó kù fún un. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó yan ewu nígbà tí ọ̀nà méjì wà níwájú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó jẹ́ pé ọ̀nà kan ni a fi sílẹ̀ fún un. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ wá ẹni tí ó mọ̀, ẹ jẹ́ kí a wá a dáadáa: ẹni tí ó ta ilẹ̀ náà mọ̀, nítorí pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi mú oníbàárà lọ wò ó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó fi ọwọ́ sí ìwé ilé náà mọ̀. Ẹni tí ó rọ yanrìn sí ojú ìrà kí ó lè kọ́ ilé alájà mẹ́ta, tí omi tí ó ti ń jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi wá ibòmíràn lọ, òun náà mọ̀. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó sùn sẹ́bàá ọ̀nà ní òru náà.

Ṣé a rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ? Ẹ̀bi náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí olúkúlùkù fi lè na ọwọ́ sí ẹlòmíràn, tí gbogbo ìka náà yóò sì tọ̀nà. Ọkọ̀ kan tí ń tú èéfín ní Ketu kò lè mú kí òkun wú. Igi kan tí a gé ní Ṣakí kò lè mú kí odò kún. Ọ̀rá omi kan kò lè dí gọ́tà. Nítorí náà olúkúlùkù a wí pé, "Tèmi kò tó nǹkan." Ibẹ̀ gan-an ni a rò pé ìrònú wa ti ṣìnà. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jọ ti ògiri kan, tí ó sì wó lu ọmọ kan, kò sí èyí tí ó lè dìde níwájú adájọ́ kí ó wí pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ọmọ náà ni òun pa. Ẹ̀bi kì í ṣe iṣu tí a ń pín, tí ó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá ti ń pọ̀ sí i ni tẹni kọ̀ọ̀kan yóò máa kéré sí i.

Ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ wa nígbà tí a sọ èyí fún un, pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ ìyá alátà tí ń fi èédú dáná àti onílé iṣẹ́ ńlá jẹ̀bi bákan náà? A wí pé rárá, ìbéèrè náà sì dára. Nínú àwọn mẹ́wàá tí ó ti ògiri yẹn, bí a bá rí ẹnìkan tí a tì lẹ́yìn, tí kò ní ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí, adájọ́ yóò wo ojú rẹ̀. Bí a bá rí ẹnìkan tí ó gbọ́ igbe ọmọ náà, tí ó sì tún fi èjìká tì í, adájọ́ yóò wo ojú tirẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ènìyàn mọ̀, ohun tí ó ní agbára láti ṣe, àti bóyá oúnjẹ ni tàbí afẹ́ ni ó ń wá, ìwọ̀nyí ni ó ń mú kí ẹ̀bi wúwo tàbí kí ó fúyẹ́. Iye àwọn tí ó jọ ṣe é kọ́. Ní ti ìyá alátà, a kò lè rí ẹ̀bi kan kà sí i lọ́rùn tí ó tó ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ìyà náà tilẹ̀ ń tọ̀ ọ́ wá lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé nígbà tí omi bá bo oko ní ìhà Bẹ́núé, tí ó sì dí ọ̀nà ní Lọ́kọ́ja gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní October 2022, ọjà tí ó yẹ kí ó tà kò ní dé, èyí tí ó bá sì dé yóò wọ́n kọjá owó rẹ̀.

Ó ku àwa tí a wà láàárín, tí a kì í ṣe onílé iṣẹ́, tí a kì í sì í ṣe ará ìsàlẹ̀: olùkọ́, akọ̀wé, oníṣòwò kékeré, àwọn tí ó ń ka ìwé yìí. A kò fa omi náà tó bẹ́ẹ̀, omi náà kò sì wọ ilé wa. Àwọn méjèèjì yìí ni ó mú kí ó rọrùn fún wa láti di adájọ́. Ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ wo ìwé orúkọ kíláàsì yín ti oṣù October, kí ẹ wo àwọn ọmọ tí kò wá. A ti rí olùkọ́ kan tí ó na ọmọ nítorí pé kò mú ìwé ìṣirò wá. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó wá sọ lẹ́yìn náà pé ìwé náà wà nínú Odò Ògùn. Olùkọ́ náà sunkún, ènìyàn rere sì ni. Ohun tí kò ṣe kò ju pé kò béèrè.

A tún rò pé ìdí mìíràn wà tí a kò fi lè dúró títí a ó fi mọ ẹni tí ó jẹ̀bi jù kí a tó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹjọ́ yìí yóò pẹ́. Yóò pẹ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, yóò pẹ́ láàárín Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó, yóò pẹ́ láàárín ẹni tí ó ta ilẹ̀ àti ẹni tí ó rà á. Ó dára kí a rò ó, kí a sì má jẹ́ kí ó kú. Ṣùgbọ́n omi kì í dúró de ìdájọ́, ọmọ tí ń wúkọ́ kì í sì í dúró. Ìpàdé wa ṣe bí ẹni pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí ẹjọ́ kí a tó mọ ẹni tí yóò sùn nínú ilé. Ìbéèrè méjì ni wọ́n, a sì fi ọ̀kan dí ojú èkejì.

A lọ kí ìyá náà ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá. Ó ti padà sínú yàrá méjì rẹ̀. Ó fi èédú fa ìlà sára ògiri ní ibi tí omi dé ní ọdọọdún, èyí tí ó ga jù lọ sì wà lókè ojú fèrèsé. A bi í pé ṣé kò ní kó kúrò. Ó rẹ́rìn-ín, ó wí pé, "Ẹ̀yin Olùkọ́, ẹ bá mi wá ibi tí mo lè kó lọ ní iye tí mo ń san lórí èyí, n ó kó lálẹ́ òní." Ohun tí a rò pé a ní láti sọ parẹ́ lẹ́nu wa. Lẹ́yìn èyí ni ó bi wá pé, nígbà tí àwọn ìjọba bá gbé ìkìlọ̀ jáde lórí omi ti ọdún yìí, ta ni yóò bá òun kà á, nítorí pé ohun tí òun ń gbọ́ ní ọjà kì í dọ́gba lẹ́nu ẹni méjì. A sọ fún un pé a ó máa kà á, a ó sì máa rán ọmọ kan sí i.

Ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn náà tún pàdé lẹ́yìn èyí. Àríyànjiyàn kò ṣàì wáyé, ọkùnrin olóòótọ́ yẹn sì tún sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó dá àbá níkẹyìn nípa kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù September títí dé òpin October, a kì yóò ya gbọ̀ngàn náà sọ́tọ̀ fún ayẹyẹ kankan. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí i, kì í ṣe lọ́wọ́ alága, a kò sì ní pe ìpàdé kí ó tó ṣí i. Ẹní ogójì ni a ti rà, ó ku ogún. Ẹni tí ó bá ní ẹní tàbí aṣọ ìbora tí kò lò mọ́ lè fi í ránṣẹ́ kí August tó parí.